Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù fún àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé bá gbé iṣẹ́ áàpù fún yín, ẹ kọ́kọ́ lọ dúró ti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Ọwọ́ wọn kì í ṣófo. Ojú fóònù òde òní máa ń mọ ìka nítorí pé iná mànàmáná lè gba ara wa kọjá. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn tí wọ́n ń wọ̀ a máa dí i. 48dp (dp ni ìwọ̀n tí Android fi ń wọn nǹkan lójú fóònù), bíi mìlímítà 9, ni Google dámọ̀ràn fún bọ́tìnì Android. Ìka lásán nìyẹn wà fún. Èmi a máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ má fi títẹ ọ̀rọ̀ dá wọn lágara. Fọ́tò béárìn (bearing, irin tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí geere) kan tó ti jẹ ti tó. Ohùn gbígbà náà dára, àmọ́ kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Páànù àti irin máa ń dí i, nítorí náà kí áàpù tọ́jú gbogbo nǹkan sínú fóònù, kó fi ránṣẹ́ tí wọ́n bá jáde. Ẹni tó ti kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí ìròyìn náà sì pòórá, kò ní ṣí áàpù yẹn mọ́.