Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Àjọ Ọjà Di Ẹgbẹ́ Alájẹsẹ́kù

Àjọ tí a ń dá ní ọjà Ìtòkú àti Kútọ̀ l'Ábẹ̀òkúta, ẹni tó kàn ní í kó o lọ. Bí ìnáwó bá dé kó tó kàn ọ́, o di ẹni tó ń sá tọ olówó èlé. Ti ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù yàtọ̀: owó wà nílẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ á yá a. Ọmọ Lísàbí tó mọ àáró kò ní í rí èyí bí nǹkan àjèjì.

Ẹ kó ènìyàn jọ, ó kéré tán 10, àwọn tí ẹ mọ ìsọ̀ wọn tí ẹ sì mọ ilé wọn. Ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé, kí ẹ sì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Báǹkì máa béèrè ìwé ẹ̀rí náà. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi ṣí àkáǹtì, kí alága, akọ̀wé àti akápò jẹ́ afọwọ́síwèé, kí owó má sì jáde láìsí ọwọ́ méjì. Olúkúlùkù wọn á mú BVN rẹ̀ dání, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báǹkì ń fúnni, tó jẹ́ nọ́ńbà 11.

Ẹ má fi owó ẹgbẹ́ sínú àkáǹtì akápò láé, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó. Bó bá kú, àwọn àjogún rẹ̀ ni báǹkì mọ̀, kò mọ̀ yín. Ẹ sì rántí pé láti 2024, bí báǹkì bá wó, ₦5,000,000 ni NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, ń dúró fún. Ti báǹkì kéékèèké (microfinance) jẹ́ ₦2,000,000. Bí owó yín bá ju ìyẹn lọ, ẹ pín in sí báǹkì méjì.

Ìṣirò ló ń da ẹgbẹ́ rú jù. Ká ní ènìyàn 20 ń dá ₦5,000 lóṣooṣù. Lẹ́yìn oṣù 6, ₦600,000 wà nílẹ̀, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦30,000. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ń yá ènìyàn ní ìlọ́po méjì, ìyẹn ₦60,000. Bí gbogbo yín bá fẹ́ yá a lẹ́ẹ̀kan náà, ₦1,200,000 ni ẹ ń wá nínú àpò tó jẹ́ ìdajì rẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ yọ ₦120,000 sọ́tọ̀ fún àìsàn àti fún ẹni tó bá fẹ́ kúrò. ₦480,000 tó kù tó ènìyàn 8. Kí àwọn yòókù tò bí wọ́n ṣe kọ orúkọ.

Orí gbèsè tó kù ni kí ẹ ti gba èlé. ₦60,000 tí a fi oṣù 6 san, ₦10,000 lóṣooṣù, ní èlé 1% lóṣù: ₦600 lóṣù kìíní, ₦500 lóṣù kejì, títí dé ₦100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,100. Bí ẹ bá ń gbà á lórí odindi owó lóṣooṣù, ₦3,600 ni, ìyẹn sì wúwo fún aláàdìrẹ tó fẹ́ ra tẹ́rú àti aró.

Onídùúró méjì fún ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan, kí owó ìpamọ́ wọn má sì ṣeé gbà títí gbèsè yóò fi tán. Ẹni méjì kò gbọ́dọ̀ dúró fún ara wọn: bí ọjà bá kú mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́, ta lẹ ó dì mú? Ẹni tí kò bá san, ẹ lọ bá a ní ìsọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá jẹ́ kó di oṣù kẹta, kò ní í wá sípàdé mọ́.

Ní gbogbo ìpàdé, kí akọ̀wé ka iye tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ sókè, kí olúkúlùkù sì máa wo páàsìbúùkù tirẹ̀ bó ṣe ń kà á. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má yá ẹnikẹ́ni lówó lọ́jọ́ náà títí ẹ ó fi rí ibi tó ti ṣẹ̀.