Ìpá Olómi Lára Ọmọdékùnrin: Bí Òbí Ṣe Lè Ṣọ́ Ọ

Ibi ìwẹ̀ ni a ti sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ìyá àgbà tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára, ó sì rí i pé apá kan ẹpọ̀n rẹ̀ wú ju èkejì lọ, ó ń dán, ó sì rọ̀ bíi ọ̀rá tí a rọ omi sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agbolé ti gbọ́ pé ọmọ ní ìpá. Ọ̀rọ̀ náà ń dẹ́rù ba àwọn òbí ní Èkìtì níbí, nítorí ìpá ńlá tí àwọn àgbàlagbà máa ń gbé kiri ni wọ́n ń rántí, ṣùgbọ́n ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ sí i pátápátá.

Kí a tó bí ọmọkùnrin, inú ikùn ni kóró ẹpọ̀n rẹ̀ wà. Nígbà tí oyún bá tó nǹkan bí oṣù méje, kóró náà yóò gba ọ̀nà tóóró kan sọ̀kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀, ọ̀nà náà yóò sì dí lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi díẹ̀ bá há sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀nà ti dí, ara ọmọ yóò fà á gbẹ, lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó pé ọmọ ọdún kan. Bí ọ̀nà náà kò bá dí tán, omi inú ikùn yóò máa lọ, yóò máa bọ̀. Ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé. Kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ ni ó fà á, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó wẹ ọmọ.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó láàárọ̀ kí ọmọ tó dìde, àti ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ó ti sunkún tàbí sáré kiri. Bí ó bá fẹ́lẹ̀ láàárọ̀ tí ó sì wú ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀; bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ omi tí ó há. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì mú un lọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Èmi fọkàn tán àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀ṣì fóònù tí àwọn kan fi ń yẹ ọmọ wò nílé. Lóòótọ́ ni omi máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, ṣùgbọ́n ìfun ọmọ ọwọ́ tí ó bá gba ọ̀nà tí kò dí yẹn sọ̀kalẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfun yìí ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Bí ohun líle bá yọ níbi tí itan ti pàdé ikùn, tí kò padà wọlé, tí ọmọ ń bì, tí ó ń ké láìdákẹ́, tí ibẹ̀ sì pọ́n, ó ṣeé ṣe kí ìfun ti há sí ojú ọ̀nà náà. Ọmọ tí ẹpọ̀n rẹ̀ ṣàdédé ń dùn ún gidigidi náà lè jẹ́ pé kóró rẹ̀ ti lọ́ pọ̀, bí wákàtí 6 bá sì kọjá, ó lè ṣòro láti gbà á là. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọmùò tàbí Ẹ̀fọ̀n, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́; ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà.

Ẹ má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ọ̀já dì í, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa omi rẹ̀, nítorí omi náà yóò tún kún, abẹ́rẹ́ sì lè kó kòkòrò wọ̀ ọ́.

Bí ó bá ṣì wà nígbà tí ọmọ ti pé ọdún kan sí méjì, a lè darí yín sí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, bíi ti Adó tàbí Ìdó. Wọn yóò kun ọmọ lóorun, wọn yóò la ojú kékeré sí ibi tí itan ti pàdé ikùn, wọn yóò sì so ọ̀nà náà pa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹpọ̀n lè ṣì wú díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má ka èyí sí pé iṣẹ́ abẹ náà kò jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó gun kẹ̀kẹ́ títí dókítà yóò fi ní ó tó àkókò.