Bí a ṣe ń fi àtakò ogun polongo ìbò ààrẹ: fún àwọn tó ń bá olùdíje kọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

"Mi ò fẹ́ ogun" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolongo. Kò sí ìyá tó ń ta gaàrí ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ tó fẹ́ ogun, nítorí náà olùdíje tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó ń mú ìbò wá gbọ́dọ̀ dáhùn nǹkan mẹ́rin: ogun wo ni, ta ló ń tì wá síbẹ̀, kí ló ń ná wa, kí sì ni olùdíje máa ṣe sí i bó bá dé Abuja. Èyí tẹ́ ẹ bá fò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibẹ̀ ni alátakò máa gbà wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí olùdíje yín ti ń sọ ọ́. Ní 2 oṣù kẹwàá 2002, kí Amẹ́ríkà tó kógun wọ Ìráákì, Barack Obama dìde sọ̀rọ̀ ní Chicago pé òun ò fara mọ́ ọn. Ó ní kì í ṣe gbogbo ogun lòun kọ̀, ogun òmùgọ̀ lòun kọ̀. Lóṣù yẹn kan náà ni Hillary Clinton dìbò nílé aṣòfin àgbà pé kí Ààrẹ Bush lè lo ọmọ ogun. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá ń du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Democrat ní 2008, ọ̀rọ̀ 2002 yẹn ni Obama ń fà yọ ṣáá. Ti John Kerry, tó bá Bush du ipò ààrẹ ní 2004, ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn, ó ní òun kọ́kọ́ dìbò fún owó ogun bílíọ̀nù 87 dọ́là kóun tó wá dìbò ta kò ó, àwọn ẹgbẹ́ Bush sì gbé fídíò náà sáfẹ́fẹ́ bó ṣe wà. Torí náà, ẹ tú fọ́nrán, ìwé ìròyìn àti ojú-ìwé Facebook olùdíje yín yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, kẹ́ ẹ kó gbogbo ohun tó ti sọ nípa ogun náà sínú fáìlì kan pẹ̀lú déètì. Bó bá ti gbè sẹ́yìn ogun rí, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sọ ohun tó yí i lérò padà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ ya ogun òkèèrè sọ́tọ̀ kúrò lára ààbò ilé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń fọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn tó ń gbọ́ yín ò tíì gbàgbé 5 oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn pa olùjọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè tó ń wẹ̀yìn wò kó tó wọ oko, bẹ́ ẹ bá sọ fún un pé ìjà ti tó, kí sójà lọ sinmi, ohun tó máa gbọ́ ni pé ẹ fẹ́ fòun sílẹ̀ fún ajínigbé. Ẹ yí i sí: "Sójà wa ò gbọdọ̀ máa ṣọ́ ilé onílé nígbà tí oko wa ò ní olùṣọ́." Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí kọ ogun, ó sì ṣèlérí ààbò. Ẹ lè dárúkọ Àmọ̀tẹ́kùn mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ àwọn àgbà lẹ ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n rántí pé ogun Biafra dé Òrè ní 1967, "ó le kú, ìjà Òrè" ò sì tíì kúrò lẹ́nu. Ẹ lè fi ṣí ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ẹ má fi ṣe jíńgù rédíò o: kì í dùn létí àwọn Ígbò tó ń ṣòwò ní Àkúrẹ́, àwọn náà sì ní káàdì ìdìbò.

Kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ bi èèyàn. Ọgbọ̀n tó: mẹ́wàá lọ́jà, mẹ́wàá ní gáréèjì, mẹ́wàá nínú akẹ́kọ̀ọ́ FUTA. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ ogun. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló ń bí yín nínú nípa ọ̀rọ̀ yìí?" Nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat ní New Hampshire, Amẹ́ríkà, oṣù kẹta 1968, Eugene McCarthy tó ń ta ko ogun Vietnam gba ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, Ààrẹ Johnson gba 49. Kóṣù yẹn tó parí, Johnson ti ní òun ò díje mọ́. Gbogbo ayé rò pé àwọn tó fẹ́ àlàáfíà ló dìbò fún McCarthy, àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bínú nítorí pé Johnson ò ja ogun náà dójú ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ owó ọjà tó gbówó lórí ló ń bí èèyàn nínú, tẹ́yin wá ń kọ̀wé nípa òkú sójà, ẹ ò tíì bá a sọ̀rọ̀.

Ìlérí wá kàn. Ẹ̀ka 5 ìwé òfin Nàìjíríà 1999 ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Ààrẹ ò lè kéde ogun láìjẹ́ pé ilé aṣòfin méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kò sì lè rán sójà lọ jà lókèèrè láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àgbà ti kọ́kọ́ gbà, àfi bí ewu bá wọlé tán, nígbà náà ó gbọ́dọ̀ wá àṣẹ wọn láàárín ọjọ́ méje. Nígbà tí sójà gbàjọba ní Niger lóṣù keje 2023, tí ECOWAS fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá ìjọba padà, Ààrẹ Tinubu kọ̀wé sílé aṣòfin àgbà, àwọn yẹn sì ní kí wọ́n lọ fi òṣèlú yanjú ẹ̀. Kí olùdíje yín ṣèlérí ohun tọ́wọ́ ẹ̀ tó: pé sójà kankan ò ní lọ láìsí àṣẹ yẹn. Kó má sọ pé ogun ò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun. Ní 1916, àwọn tó ń polongo fún Ààrẹ Wilson ní kò jẹ́ kí Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìíní. Oṣù kẹrin 1917, wọ́n ti wọ̀ ọ́.

Jíńgù ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ 90, ìlù ìbẹ̀rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ nínú ẹ̀. Ẹ fi aago kà á sókè. Ká ní ọ̀rọ̀ Niger yẹn bọ́ sásìkò ìbò, ó lè lọ báyìí:

Ọkùnrin: Ìyá Bọ́lá, ẹ ò gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ jagun ní Niger?
Obìnrin: Háà! Ta ló wá fẹ́ bá wa ṣọ́ oko níbí?
Ọkùnrin: Ohun tí Lágbájá ń bi wọ́n nìyẹn. Ó ní bílé aṣòfin ò bá fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò ní lọ.
Obìnrin: Ẹni tó rántí oko ni tèmi.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ Àkúrẹ́ ka ti Àkúrẹ́ lédè wọn, kí ọmọ Oǹdó ka ti Oǹdó.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ sójà. 32 Artillery Brigade wà ní Àkúrẹ́ níbí, ìyàwó sójà náà ń tẹ́tí sí rédíò. Ìjọba tó fẹ́ ránni lọ lẹ ń bá jà. Ẹ má gbé àwòrán òkú, ẹ má dárúkọ iye tó kú tẹ́ ẹ ò bá lẹ́rìí: iléeṣẹ́ ológun á sẹ́ ẹ, gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn á sì di ti ìrọ́ olùdíje yín. Nígbà tí Eisenhower tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sọ ní Detroit ní 24 oṣù kẹwàá 1952 pé òun máa lọ Kòríà, níbi tí sójà wọn ti ń jagun, fúnra òun, kò sẹ́ni tó lè pè é lójo, ọ̀gágun ni. Tí olùdíje yín ò bá wọ kákí rí, ẹ wá sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó bá ECOMOG, ọmọ ogun ECOWAS, jà ní Liberia tàbí Sierra Leone, kó máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀.

Ààrẹ gbọ́dọ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán. Ní Katsina tàbí Jigawa tó bá Niger pààlà, ẹbí àti òwò ẹnubodè ni wọ́n máa fi kọ ogun. Níbí, oko àti owó ni. Ìdí lè yàtọ̀, ìlérí ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Alágbàká á ti dé Katsina lórí WhatsApp kí mọ́tò yín tó jáde ní Àkúrẹ́.

Ohun tọ́pọ̀ ò múra sílẹ̀ fún ni kí ogun náà rọlẹ̀ kí ìbò tó dé. Ní 1972, Ààrẹ Nixon ti dín sójà Amẹ́ríkà tó lé ní 500,000 kù sí ohun tí ò tó 40,000 ní Vietnam, nígbà tóṣù kẹwàá sì ń parí lọ, Kissinger, olùdámọ̀ràn rẹ̀, ní àlàáfíà ti dé tán. Massachusetts àti Washington D.C., olú-ìlú wọn, nìkan ló kù fún McGovern, alátakò Nixon tó fi kíkọ ogun náà polongo. Nítorí náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba jíńgù àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ gba èkejì ní sítúdíò kan náà: "Owó tí wọ́n fẹ́ ná sógun yẹn, níbo ló wà báyìí?" Ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ rédíò pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pè ni kí wọ́n yọ àkọ́kọ́, kí wọ́n fi èkejì sí i.