Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ilé Ẹ̀kọ́ Sẹ́ẹ̀lì T Lọ́rùn Adìẹ

Ọjà ni iṣẹ́ wíwá thymus, ilé ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì T, lọ́rùn adìẹ ti sábà ń bàjẹ́, kì í ṣe orí tábìlì. Ẹ má ra ólúléyà, adìẹ àgbà tó ti ń yé ẹyin. Thymus, níbi tí sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà, ti ń kọ́ bí yóò ṣe mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ara onílé, máa ń súnkì bí adìẹ bá ṣe ń dàgbà. Èyí tó ti ń yé ẹyin, díẹ̀ ló kù lọ́rùn rẹ̀. Bíróílà ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 ló dára. Ní Oyingbo tàbí Mushin, ẹ mú èyí tí ara rẹ̀ yá gágá. Èyí tó ń ṣàìsàn, tàbí tó ti há mọ́ kéèjì fún ọjọ́ mélòó kan, thymus rẹ̀ á ti joro.

Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń pa adìẹ: kó dú u lábẹ́ àgbọ̀n gan-an, kó má gé orí kúrò, kó má rì í bọ omi gbígbóná. Ẹ̀rọ tó ń tu ìyẹ́ a máa fa awọ ọrùn ya, ohun tí ẹ ń wá á sì bá ìyẹ́ lọ. Ooru Èkó kì í gba gbẹ̀fẹ́: tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá há yín mọ́ ọ̀nà Ikorodu, inú kúlà oníyìnyín ni kí adìẹ wà.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ tẹ́ adìẹ náà sílẹ̀ kó kọjú sókè, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé awọ nìkan láti abẹ́ àgbọ̀n dé àyà, kí ẹ wá fi ìka ṣí i. Abẹ máa ń gé jù. Ẹ máa rí iṣan ẹ̀jẹ̀ dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Thymus tò tẹ̀ lé e bí ìlẹ̀kẹ̀, nǹkan bíi 7 lọ́tùn-ún, 7 lósì, pẹlẹbẹ, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀rá ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹ ju ẹyọ kan sínú omi: ọ̀rá á léfòó, thymus á rì.

Ohun tí ẹ mú dání yìí ti pẹ́ láyé. Àkùràkúdà inú òkun náà ní in, àti gbogbo ẹranko eléegun ẹ̀yìn tó ní àgbọ̀n. Lamprey, ẹja gígùn bí ejò tí kò ní àgbọ̀n, ní sẹ́ẹ̀lì tó jọ T, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń dá ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ wo ìdí adìẹ náà. Àpò roboto tó wà lẹ́yìn ihò ìdí ni bursa, ilé sẹ́ẹ̀lì B, ọmọ ogun ara tó ń ṣe èròjà agbógunti àrùn; bursa yìí ni àrùn Gumboro máa ń bàjẹ́. Ara adìẹ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Max Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1965 pé iṣẹ́ thymus ọ̀tọ̀, ti bursa ọ̀tọ̀. Àwa èèyàn ò ní bursa. Inú mùdùnmúdùn egungun ni sẹ́ẹ̀lì B tiwa ti ń dàgbà.

Tí ẹ bá fẹ́ fi maikirosíkópù wo thymus náà, ẹ gé e kó má nípọn ju mílímítà 5 lọ, kí ẹ rì í sínú fọ́málínì 10% (kẹ́míkà olóró tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà) tó pọ̀ tó ìlọ́po 10 rẹ̀, fún wákàtí 24. Ẹ má gbé e sí fírísà: yìnyín á fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Adìẹ tó kù ṣeé sè, bí fọ́málínì ò bá ti kàn án.