Bí a ṣe lè ka ìwé The Hunger Games kí a sì sọ èrò tó ní ìdí nípa rẹ̀

Ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tó dá lórí ayé ìnira ọjọ́ iwájú pọ̀ lóde, ṣùgbọ́n The Hunger Games, èyí tí Suzanne Collins ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ, wà lára àwọn tí òǹkàwé tètè máa ń dárúkọ. Bí a bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀, èsì ọ̀pọ̀ wọn kì í ju pé "ó dùn" tàbí "ìwé kẹta ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́" lọ. Èrò kúkú ni èyí náà, àmọ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró bí ẹlòmíràn bá ta kò ó. Ọ̀nà tí èmi gbà ń ka ìwé náà ni mo fẹ́ fi han ẹni tó bá ń múra láti kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀. N óò tú àṣírí ìparí ìtàn níwájú, nítorí náà kí ẹni tí kò bá tíì kà á lọ kà á ná.

Ìwé márùn-ún ló ti jáde. Mẹ́ta àkọ́kọ́, The Hunger Games, Catching Fire àti Mockingjay, jáde ní 2008, 2009 àti 2010. The Ballad of Songbirds and Snakes tẹ̀lé wọn ní 2020, Sunrise on the Reaping sì dé ní 2025. Ẹ kà wọ́n bí wọ́n ṣe jáde, ẹ má ṣe tò wọ́n bí ọdún inú ìtàn ṣe tò. Ọdún 64 ṣáájú ìtàn Katniss, ọmọbìnrin tí ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ dá lé lórí, ni ìwé 2020 wáyé, nígbà tí Snow, ààrẹ òṣìkà tí a mọ̀ ní arúgbó, ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tí Snow dà ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ kò ní mọ ohun tó yẹ kó máa bà á lẹ́rù bí ọmọkùnrin náà ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kí ẹ tó sọ pé ìwé dára tàbí kò dára, ẹ kọ́kọ́ kọ òfin ìlú inú rẹ̀ sórí bébà. Nínú irú ìtàn báyìí, òfin ni olórí ẹ̀dá ìtàn, àwọn ènìyàn tó kù ń bá a jìjàkadì ni. Panem ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́, orí àlàpà Àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Olú-ìlú rẹ̀, Capitol, ń jọba lórí ẹkùn méjìlá. Nítorí pé àwọn ẹkùn náà ti dìtẹ̀ rí tí wọ́n sì pàdánù ogun, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa fi ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀ lọ́dọọdún, láti ọmọ ọdún 12 sí 18. Àwọn mẹ́rìnlélógún náà yóò máa pa ara wọn nínú pápá títí yóò fi ku ẹyọ kan, gbogbo ìlú yóò sì máa wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n tipátipá. Orúkọ tí òǹkọ̀wé pe àwọn ọmọ wọ̀nyí, "tribute", kò ṣòro fún Yorùbá rárá: ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n. Ohun tí àwọn baba wa ń gbé wá láti oko fún onílẹ̀ kí onílẹ̀ má baà lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ ni Panem ń fi ọmọ ènìyàn san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìṣirò. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń ra ìwé ìtàn nítorí ìṣirò, ṣùgbọ́n ibí ni ìwé yìí ti yàtọ̀ sí àwọn tó fara wé e. Bí ọmọ bá pé ọdún 12, orúkọ rẹ̀ wọ inú igbá ìbò, níbi tí wọ́n ti ń fa orúkọ àwọn tó ń lọ sí pápá jáde, lẹ́ẹ̀kan. Ní 13, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i títí dé ẹ̀ẹ̀meje ní ọdún 18. Àmọ́ ọmọ tálákà lè fi orúkọ rẹ̀ kún un ní ìgbà kan sí i kí wọ́n lè fún un ní ọkà àti òróró tí kò tó nǹkan, tí ẹnì kan yóò fi la ọdún já, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀. Orúkọ tó bá ti wọlé kò sì ní jáde mọ́. Láti ìgbà tí Katniss ti pé ọdún 12 ló ti ń gba ti ara rẹ̀, ti ìyá rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni orúkọ rẹ̀ ń wọlé lọ́dún, nítorí náà nígbà tó di ọmọ ọdún 16, ó ti di ogún. Ti Gale, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ ọdún 18, tí ẹnu márùn-ún wà lọ́rùn rẹ̀, jẹ́ 42. Ti Prim, àbúrò Katniss tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 12, jẹ́ ẹyọ kan péré, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà kó gba ọkà náà. Orúkọ Prim sì ni wọ́n fà jáde, Katniss sì yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ sí pápá dípò rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí yóò rí i pé ebi gan-an ni ohun èlò ìjọba Panem. Ọmọ oníṣọ̀ọ̀bù àti ọmọ awakùsà ń wo ara wọn bí ọ̀tá nínú ẹkùn kan náà, nítorí pé igbá ìbò kò bá wọn dọ́gba, Gale sì sọ ọ́ jáde pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí Capitol mọ̀ tó fi ń jọba nìyẹn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo gbà pé ó wúlò jù ni pé kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú ìtàn, kí ẹ sì máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìwé dé ìwé. Ẹlòmíràn lè mú aṣọ, tàbí orin, tàbí iná. Búrẹ́dì ni èmi mú. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí búrẹ́dì ni Panem fúnra rẹ̀, ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Juvenal, akéwì Róòmù àtijọ́, tó fi àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé búrẹ́dì àti ìran wíwò nìkan ló kù tí wọ́n ń lé kiri. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ibi tí ẹ bá ti bá búrẹ́dì pàdé, kí ẹ sì kọ ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á síbẹ̀.

Nínú ìwé kìíní, lẹ́yìn tí ibi ìwakùsà èédú bú gbàmù tó sì pa bàbá Katniss, tí ebi sì ń pa òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ kú lọ, Peeta, ọmọ aṣebúrẹ́dì tí òun àti Katniss yóò wá jọ lọ sí pápá, mọ̀ọ́mọ̀ jó búrẹ́dì, ó gba ìyà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì jù ú sí ọmọbìnrin náà nínú òjò. Nínú pápá, nígbà tí Rue ọmọ Ẹkùn 11 kú, tí Katniss sì fi òdòdó bò ó, àwọn ará Ẹkùn 11 tí ebi ń pa fi búrẹ́dì wọn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹkùn ẹlẹ́kùn. Ìdìtẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìsí ìbọn kankan. Nínú ìwé kejì, níbi àsè ní Capitol, àwọn àlejò ń mu omi kan tí yóò jẹ́ kí wọ́n bì, kí wọ́n lè padà lọ jẹun sí i. Orí ìlà díẹ̀ ni Collins gbé èyí kalẹ̀ sí, ó sì lágbára ju gbogbo ìjà inú ìwé náà lọ. Nínú ìwé yìí kan náà, búrẹ́dì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú pápá di àrokò: ẹkùn tó ti wá ń sọ ọjọ́, iye rẹ̀ ń sọ wákàtí tí àwọn olùgbàlà yóò dé. Ìran tó ń fi ìyẹ́ ẹyẹ àti owó ẹyọ pàrokò yóò tètè lóye rẹ̀.

Ìwé kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bínú, ibẹ̀ náà sì ni búrẹ́dì ti sọ ọ̀rọ̀ tó le jù. Ẹkùn 13, èyí tí àwọn ènìyàn ti rò pé Capitol pa run, tí a sì wá rò pé ìgbàlà wà níbẹ̀, ń wọn oúnjẹ fún olúkúlùkù bí ẹni ń wọn oògùn. Nígbà tí Katniss rìn débi tí kò yẹ kó dé, ó bá àwọn mẹ́ta tó ń ṣe é lẹ́wà ní Capitol nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò sì ju pé wọ́n mú búrẹ́dì lọ. Ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa. Láti ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti sọ fún wa pé Coin, tó ń darí àwọn ajàjàgbara, ti mọ ọ̀nà tí Snow gbà ń jọba. Nígbà tó sì kù díẹ̀ kí ogun parí, àwọn párásúùtì fàdákà, irú èyí tó ń gbé oúnjẹ àti oògùn wá fún àwọn ọmọ nínú pápá, já bọ́ sáàárín àwọn ọmọ Capitol. Àwọn ọmọ náà nawọ́ mú wọn, nítorí pé ẹ̀bùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, bọ́ǹbù sì ni. Prim tó wá tọ́jú àwọn tó fara pa kú níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, Coin dá a lábàá pé kí wọ́n fi àwọn ọmọ Capitol ṣe eré náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ti ń tọ ipasẹ̀ búrẹ́dì bọ̀ kò ní ṣe háà nígbà tí ọfà Katniss bá yí kúrò lórí Snow tó sì bá Coin. Ìdí tí mo fi gbà pé ìwé kẹta ni ọ̀wọ̀n tó gbé ìyókù ró nìyí. Ká ní ó parí pẹ̀lú ijó àti ìlù, irọ́ ni ìwé kìíní ì bá jẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ìfẹ́ bo àléébù mọ́lẹ̀. Katniss fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn, ó sì ń sọ ọ́ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe bí ohun tó ti kọjá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a kò lè fọkàn balẹ̀ pé yóò yè. Àǹfààní kejì ni pé ó máa ń ṣi nǹkan lóye, àgàgà ọ̀rọ̀ Peeta: nínú ihò àpáta, lẹ́yìn tó fẹnu ko ọmọkùnrin náà lẹ́nu, ìkòkò ọbẹ̀ kan balẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Haymitch, ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà láti ìta pápá, ó sì yé Katniss pé ìfẹ́ ni yóò máa fi ra oúnjẹ lójú kámẹ́rà. Ta ni yóò wá mọ ibi tí ìfẹ́ parí sí àti ibi tí ebi ti bẹ̀rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ náà pọ̀. Bí Katniss bá dákú, ìtàn náà dákú ni. Ní òpin ìwé kejì, wọ́n ti gbà á là kó tó jí, ẹlòmíràn ló sì ń ròyìn fún un. Nínú ìwé kẹta, inú yàrá ni wọ́n tì í mọ́ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́jọ́ ikú Coin. Ẹ̀tàn díẹ̀ ni mo ka èyí sí. Bákan náà, kò rọrùn láti gbà gbọ́ pé odindi ẹkùn lè máa ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí èyí máa wa èédú, kí èyí máa pẹja. Pípadà tí ìwé kejì padà sí pápá ní tirẹ̀ kò dùn mí tó bí ó ṣe dun àwọn ẹlòmíràn.

Tí ẹ bá ti wo fíìmù, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò nínú ìwé kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Fíìmù, láti 2012, ń mú wa wọ yàrá tí Katniss kò dé, a sì ń gbọ́ bí Snow àti àwọn tó ń darí eré ṣe ń gbìmọ̀. Nínú ìwé, ojú Katniss nìkan la ní. Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan fi ìbínú bu òǹkọ̀wé nítorí ohun tí olùdarí fíìmù ṣe.

Nígbà tó bá kan kíkọ, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àkópọ̀ ìtàn. Ẹ sọ ìdájọ́ yín ní gbólóhùn kan tí ẹlòmíràn lè ta kò. "Ìwé kẹta dára" kò tó. "Ìwé kẹta fi hàn pé ajàjàgbara tó ń fi oúnjẹ na ènìyàn kò yàtọ̀ sí ọba tó lé lọ" ni gbólóhùn tó lè fa àríyànjiyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta wá láti inú ìwé, kí ẹ sì yan èyí tó kéré, tí àwọn ènìyàn máa ń fò, ju ìjà ńlá tí gbogbo ayé rántí lọ. Ẹ sọ àléébù kan tó dùn yín ní tòótọ́. Bí ó bá ṣe pé àwọn tí kò tíì kà á ni ẹ ń kọ ọ́ fún, ẹ lè fi ìwé kìíní nìkan ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìtú àṣírí: ìṣirò inú igbá ìbò nìkan ti tó.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì wá, ẹ padà sí orí kìíní ìwé kìíní, sí òwúrọ̀ ọjọ́ ìyọrúkọ. Prim ti gbé wàràkàṣì tó ti inú wàrà ewúrẹ́ rẹ̀ wá sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ewé wé e. Gale mú búrẹ́dì dé inú igbó, ọfà sì gún un. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ló fi rà á lọ́wọ́ aṣebúrẹ́dì, bàbá Peeta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí búrẹ́dì náà ń ṣe lójú ewé yẹn.