Ẹ má tíì pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù yín sí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn: àṣìṣe tí mo ń rí ní Ìjẹ̀bú

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ irú eléyìí mọ́. Ẹ bá mi wá oríṣi mìíràn." Agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi ń kọjá kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgó-Ìwòyè ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn olùkọ́ ló tẹ̀ lé wọn. Owó tí wọ́n fẹ́ ná kì í ṣe kékeré, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí i pé orúkọ ilé-iṣẹ́ lásán ni wọ́n fẹ́ fi rà.

Àṣìṣe tó tóbi jù nìyẹn: kí èèyàn di ẹ̀bi ru orúkọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kó tó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà gan-an. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé tirẹ̀ wá. Ó ní ó ń gbóná bí ààrò, ó ń fà bí ìgbín, ó sì ń kú mọ́ òun lọ́wọ́ tí òun bá ń tẹ project. Ìyá rẹ̀ tó ń ta gàrí ti fún un lówó kó fi ra òmíràn. Mo ní kó jókòó. Mo tú ìdí ẹ̀rọ náà, mo sì pè é kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Eruku ti dí ẹnu ibi tí fáànù ń fẹ́ ooru gbà jáde, ó dì gbagidi bí òwú inú ìrọ̀rí. Odindi ni mo fi ẹ̀mú fà á yọ. Ìpara tó yẹ kó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń fa ooru rẹ̀ ti gbẹ, ó ń bó bí èèpá. Hard disk àtijọ́, ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ló sì wà nínú rẹ̀. Mo gbọn eruku, mo fi ìpara tuntun sí i, mo yọ hard disk, mo fi SSD, irú èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jí, kí ó tó di pé a ka oókan dé ogún, ó ti tàn. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òun náà nìyí?" Èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìyá rẹ̀ ló gbé padà sílé.

Eruku, hard disk tó ti rẹ̀, RAM 4 GB (ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ lé) tí ẹrù pọ̀ jù fún, iná jẹnẹrétọ̀ tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀: kò sí èyí tó mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan nínú wọn. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí tìmùtìmù, tí tìmùtìmù ń dí i nímú, yóò pa tuntun náà bó ṣe pa ti tẹ́lẹ̀.

Ti bátìrì ńkọ́? Ó ní bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé a ń méfò. Bí Windows bá ni tiyín, ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Yóò kọ ìwé kan pamọ́ fún yín. Ẹ wá Design Capacity (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun) àti Full Charge Capacity (ìwọ̀n tó lè gbà báyìí) níbẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí ìkejì jẹ́ 20,000, bátìrì yẹn ti gbó nìyẹn. Bátìrì ni kí ẹ rà.

Ó dáa, ká ní ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má wá sọ pé "Dell ni mo fẹ́" tàbí "HP ni mo fẹ́" kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Latitude àti Inspiron, Dell ló bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe Latitude. Bẹ́ẹ̀ náà ni EliteBook rí láàárín àwọn HP, àti ThinkPad láàárín àwọn Lenovo. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì wọ̀nyí ló pọ̀ jù nínú tòkunbọ̀ tí ẹ ń rí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ òkè òkun máa ń kó wọn dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ gan-an ń ní olówó mìíràn: IBM ló gbé ThinkPad jáde ní 1992, Lenovo ló sì rà á ní 2005.

"i5", orúkọ ọpọlọ ẹ̀rọ kan tí Intel ń ṣe, tí àwọn èèyàn fi ń yangàn náà ń tan wọ́n jẹ. i5-7200U, ọpọlọ kéékèèké (core) méjì ló ní. i5-8250U, mẹ́rin. Oníṣòwò lè pe méjèèjì ní i5, kò sì purọ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e (7200 jẹ́ ìran keje, 8250 jẹ́ ìran kẹjọ), nítorí Windows 11 kò gba i5-7200U yẹn, láti ìran kẹjọ lọ ló ń gbà nínú irú àwọn Intel wọ̀nyí. Microsoft sì ti jáwọ́ lára Windows 10 láti 14 October 2025. Ẹ bi ara yín ohun tí ẹ fẹ́ fi ìran keje tí ẹ ń rà lónìí ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ṣájà ńkọ́? Dell mọ ṣájà rẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá ki ayédèrú bọ̀ ọ́, ó lè tàn kó má gba iná sí bátìrì rárá. Bí ti ThinkPad tàbí HP àtijọ́ ló wà nílé, ó lè má wọ ẹnu ti Dell. Èyí tó bá ń gba iná lójú ihò USB-C ló rọrùn jù, nítorí ẹ lè rí ẹni yá yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó lálẹ́ Sátidé láìjẹ́ pé ẹ ń ronú ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà.

Ti MacBook, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i, ẹ̀rọ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tó ní M1, ọpọlọ ẹ̀rọ tí Apple gbé jáde ní 2020, àti àwọn tó tẹ̀ lé e, RAM tí ẹ bá bá nínú rẹ̀ náà ni ẹ ó lò dópin, kò ṣeé fi kún. Access (tí a fi ń to àkọsílẹ̀) àti Publisher (tí a fi ń ṣètò ìwé títẹ̀) ti Microsoft kò sí fún Mac. Ẹni tó fi Access ń kọ orúkọ àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ tán kó tó mọ̀.

Ìkánjú ló kó bá èmi alára. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ra tòkunbọ̀ kan ní Ìkẹjà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ń sáré kí mọ́tò Ìjẹ̀bú má tán. Ẹni tó tà á tàn án fún mi lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, mo sanwó. Ilé ni mo dé, tí mo fẹ́ wọ inú BIOS rẹ̀ (ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé), tí àmì àgádágodo yọ sí mi, tó ń béèrè password tí mi ò mọ̀. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ò rí mi rí. Nítorí náà, níwájú ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti wọ BIOS: F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún ThinkPad. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ẹ fi ṣájà yín gan-an sí i, ẹ ṣí i kí ẹ pa á dé láti mọ̀ bóyá ó ń dún níbi tó ti ń ká.

Èyí kan ẹ̀bùn pẹ̀lú. Nígbà Ojúde Ọba, àwọn ọmọ wa máa ń gbé láptọ́ọ̀pù ti òkè òkun bọ̀. Bí ọ́fíìsì wọn bá ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kété tí ẹ bá nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, orúkọ ọ́fíìsì yẹn ni yóò yọ sí yín, ẹ ò sì ní lè kọjá ibẹ̀. Kí ọmọ tó padà ni kí ẹ bi í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára ta ti àtijọ́. Ẹ lò wọ́n pọ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì. Olùkọ́ kan ta tirẹ̀ lọ́jọ́ tó ra tuntun gan-an. Ọjọ́ kẹta ló rántí pé inú rẹ̀ ni ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́fà wà, kò sì dà wọ́n kọ síbòmíràn. A wá ẹni tó rà á títí a fi bá a ní Ṣágámù. Ó ti nu gbogbo rẹ̀, ó ti fi Windows tuntun sí i, ọmọ rẹ̀ kékeré ń fi wo àwòrán.