Bí A Ṣe Ń Tẹ Ọ̀rọ̀ Ugarit Sára Amọ̀

Ìlú Ugarit, tí wọ́n ń pè ní Ras Shamra lónìí, wà létí òkun ní Síríà. Ó pa run ní nǹkan bí ọdún 1185 ṣáájú ìbí Jésù, èdè rẹ̀ sì bá a lọ. Ọdún 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn wàláà amọ̀ rẹ̀ jáde. Ní 1930, àwọn ọ̀mọ̀wé Hans Bauer, Édouard Dhorme àti Charles Virolleaud ti tú lẹ́tà wọn. Lẹ́tà 30 péré ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sára amọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀nà ìkọ̀wé Bábílónì, tí àmì rẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, sílẹ̀.

Ẹ po amọ̀ kó le díẹ̀, kó má lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi ṣe wàláà pẹlẹbẹ kan. Bí amọ̀ bá wọ́n, ẹ fi omi díẹ̀ po ìyẹ̀fun àti iyọ̀. Ọparun tí a gé kó ní igun mẹ́rin ni gègé tèmi. Ẹ má fi bírò dán an wò, ẹnu rẹ̀ ti kéré jù.

Ibi tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ rè é: ẹ má fa gègé. Ọ̀pọ̀ á máa ha amọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlà jágajàga ni wọ́n á rí. Títẹ̀ ni. Ẹ dá gègé dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí igun rẹ̀ wọ amọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sókè tààrà. Ohun tó kù á rí bí ìṣó: orí gbòòrò, ìrù ṣóńṣó. Bí ìṣó bá dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ wà lápá òsì. Bó bá dúró, orí wà lókè.

Ẹ ṣọ́ iye ìṣó o! Ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ ni t, méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn ni a, mẹ́ta ni n. Orí ìkejì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìrù ìkíní; bó bá gun orí rẹ̀, a ti di t nìyẹn. Amọ̀ tó bá rọ̀ jù á gbé orí ìṣó mì pátápátá. Bákan náà, ọ̀kan tó dúró ni g, mẹ́ta tó fẹ̀gbẹ́ kanra ni l.

Ẹ wá tẹ alp, ìyẹn màlúù, láti òsì sí ọ̀tún, kì í ṣe bíi Hébérù àti Lárúbáwá tó jẹ́ ìbátan rẹ̀: méjì tó tò, mẹ́ta tó dúró, méjì tó dùbúlẹ̀, ọ̀kan lókè ìkejì, ìyẹn p. Ìṣó kékeré tó dúró ló ń pààlà ọ̀rọ̀; ẹ jẹ́ kó kéré gan-an, kí wọ́n má kà á sí g.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, kọ́nsónáǹtì nìkan ni kó tẹ̀; kọ́nsónáǹtì tí à ń fi ọ̀nà ọ̀fun pè, tí fáwẹ̀lì a tẹ̀ lé, ni lẹ́tà a inú alp. Délé á di dl, Dọlá náà á di dl.

Abẹ́ òjìji ni kẹ́ ẹ sá wàláà náà sí. Oòrùn á là á.